Ẹnu Ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́ ní Ilé Ahlerding

Inú eérú ni ẹ̀gbọ́n mi Talke wà nígbà tí Berend kọ́kọ́ rí i. Ó kúnlẹ̀, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ń fi igi tú ibi tí ààrò wa wà kí àrá tó jó ilé wa kanlẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà méjì dé, wọ́n dúró sí ẹ̀bá eérú náà. Ọ̀kan ni Ọ̀gá Gerd, àgbà tó kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé oko tó wà létí odò Hase. Èkejì ni ọmọṣẹ́ rẹ̀, ọkùnrin gíga kan tó gbé àáké kọ́ èjìká.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ọmọṣẹ́ náà wí. "Kí lẹ ń wá? Bó bá jẹ́ wúrà ni, ẹ bù fún wa níbẹ̀."

Talke kò gbójú sókè. "Ìwọ̀ ìkòkò ni. Ẹ̀wọ̀n irin tí ìyá ìyá mi fi ń gbé ìkòkò kọ́ sórí iná. Ilé lè jó. Ìwọ̀ yẹn kì í jó."

"Bí ẹ ò bá rí i ńkọ́?"

"Ohun tí ẹ bá kọ́ síbí á di ilé ẹran nìyẹn. Ènìyàn ò ní lè pè é nílé."

Ọkùnrin náà bọ́ bàtà, ó sọ̀kalẹ̀ sínú eérú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ lásán tú u pẹ̀lú rẹ̀. Òun ló rí ìwọ̀ náà. Ó fi aṣọ ara rẹ̀ nù ún kó tó fi lé e lọ́wọ́.

"Ẹ gbà. Orúkọ mi ni Berend."

"Mi ò béèrè."

"Mo mọ̀. Mo fi ta yín lọ́rẹ ni."

Talke rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí àrá ti sán, n kò tíì rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí lẹ́sẹ̀kan náà. Mo ní, Olúwa, ṣàánú wa. Mo mọ ẹni tí Berend í ṣe. Ọmọ ayálégbé ni, ọmọ ẹni tó ń gbé ahéré olóko ní òdìkejì odò, tí kò ní ilẹ̀ tó tó adìyẹ í tàn. Talke sì ni àrólé oko Ahlerding, nítorí Ọlọ́run kò fún Bàbá wa lọ́mọkùnrin. Èmi Metta, àbúrò rẹ̀, ipò mi yé mi láti kékeré: n ó bá a gbé, n ó bá a fún wàrà, n ó bá a tọ́ ọmọ. Ìdí nìyẹn tí ojú mi fi ṣe ẹlẹ́rìí ohun gbogbo tí mo fẹ́ sọ yìí.

Inú ahéré àgùntàn la kó sí. Ìgbà òtútù ń bọ̀, àwọn màlúù wa sì wà káàkiri ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, bí ọmọ òrukàn. Ní ọjọ́ kan, Bàbá wa Lüdeke pe Talke jókòó sórí ìdì koríko.

"Ọmọ mi, ilé ńlá ń jẹ igi óákù bí ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ń jẹ èso rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ti gé óákù wa lọ tán, wọ́n fi dáná, wọ́n fi ṣe kẹ̀kẹ́ ìbọn. Igbó tí bàbá bàbá mi gbìn ti di pápá."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Brüning, olóko ńlá aládùúgbò wa, ní óákù. Ó sì ní ọmọkùnrin kejì tí kò ní jogún nǹkan kan."

"Harm."

"Harm ni. Yóò kó óákù wá, àwa yóò fún un lórúkọ. Ọjọ́ tó bá ti wọlé wa, ó di Harm Ahlerding."

Talke wo Bàbá títí. "Bàbá, ṣé èmi lẹ fẹ́ wá ọkọ fún ni, àbí màlúù?"

"Màlúù ni," ni Bàbá wí, kò sì rẹ́rìn-ín. "Màlúù ló ń bọ́ ìwọ náà. Bí a ò bá ní ilé títí ìgbà òtútù tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí, a ò ní oko mọ́. Àwa náà á di ayálégbé. Ṣé ìyẹn lo fẹ́?"

Talke kò fèsì. Wọ́n fi ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni.

N kò ní purọ́ mọ́ òkú: Harm kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹlẹ́rìn-ín ni, ó lágbára bí akọ màlúù, ó sì fẹ́ràn kí ojú gbogbo ènìyàn wà lára òun. Ẹni tí a kò bá fẹ́ràn, bó fi oyin wẹ̀, kò ní dùn lẹ́nu wa. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Harm rí lọ́dọ̀ Talke.

Nígbà tí òtútù mú dáadáa tí omi igi ti wálẹ̀ sí gbòǹgbò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé óákù ní igbó Brüning. Èmi àti Talke la ń gbé búrẹ́dì dúdú àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lọ fún àwọn agégi. A bá Berend nídìí igi kan tó tóbi jù, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lára. Ó ń kì í, bí ẹni ń kí àgbà:

"Óákù, àgbà tí í bọ́ aṣọ nígbà òtútù tí kì í gbọ̀n.
Ọba igbó tí ẹlẹ́dẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀ fún láti jẹun.
Wọ́n gé ọ, o ò kú, ìdúró lo pààrọ̀.
O dúró nígbó, o fi ẹyẹ ṣọmọ.
O dúró nílé, o fi ènìyàn ṣọmọ.
Má bínú sí àáké mi. Ẹni tó rán mi ni kó o bi."

"Igi yẹn á bi mí, nítorí èmi ló rán ọ," ni Talke wí lẹ́yìn rẹ̀.

Berend yíjú padà. Ó ti ń bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà ìkórè, ó sì máa ń pè é ní ẹ̀yin, bó ṣe yẹ kí ọmọ ayálégbé máa pe ọmọ olóko. Lọ́jọ́ náà, kò pè é bẹ́ẹ̀.

"Talke, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mo ti gbàdúrà kó kúrò lọ́kàn mi. Kò lọ."

"Dákẹ́, kí igi má gbọ́."

"Igi ti gbọ́. Òun ni yóò kúkú gbé òrùlé rẹ ró."

"Igi Harm ni."

"Igi Harm ni, ọwọ́ Berend ni."

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún. Ó fi orí ti igi náà. "Ìfẹ́ rẹ ti wọ̀ mí lára, Berend, má fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Bí mo bá mú ọ, Brüning á kó igi rẹ̀, oko wa á kú, Bàbá á bá a kú. Bí mo bá mú Harm, èmi ni n ó kú. Èwo ni kí n mú?"

Berend gba apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìka kan ìka rẹ̀, ó tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá Gerd ní kí wọ́n gbé àáké.

Nígbà tí ewé tuntun yọ, wọ́n to gbogbo igi náà sílẹ̀ lórí pápá, wọ́n gbẹ́ ihò sí wọn, wọ́n fi ẹnu ọ̀kan bọ inú èkejì, ilé sùn sílẹ̀ bí ẹni tí yóò jí láìpẹ́. Ohun tó kù ni àtẹ́rígbà.

Nílẹ̀ wa, orúkọ ọkọ àti aya tó kọ́lé la ń gbẹ́ sára àtẹ́rígbà ẹnu ọ̀nà ńlá, níbi tí kẹ̀kẹ́ koríko ń gbà wọlé, tí ìyàwó ń gbà wọlé, tí òkú ń gbà jáde. A kì í dúró di ẹ̀yìn ìgbéyàwó ká tó gbẹ́ ẹ. Óákù tútù ń gba irin bí wàrà dídì ṣe ń gba ọ̀bẹ. Bó bá ti gbẹ, ó di irin fúnra rẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Óákù, tútù la ti ń kọ orúkọ sí i.

Kò sí ẹni tó mọ lẹ́tà í gbẹ́ tó Berend. Nítorí náà, òun ni wọ́n gbé e fún.

Harm wá wò ó níbi iṣẹ́, ó dúró lé e lórí, ó ń mu bíà. "Jẹ́ kó jinlẹ̀ o, ọ̀rẹ́. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ ọmọ mi fi ìka ka orúkọ mi nínú òkùnkùn."

"Yóò jinlẹ̀," ni Berend wí.

Ó sì jinlẹ̀. Nígbà tí Harm lọ tán, Talke wá. Ó fi ìka wọ inú lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. HARM AHLERDING ÀTI TALKE AHLERDING LÓ KỌ́ ILÉ YÌÍ NÍ ỌDÚN OLÚWA 1763. OLÚWA, ṢỌ́ ẸNI TÓ Ń WỌLÉ, ṢỌ́ ẸNI TÓ Ń JÁDE.

"O ò bá fi ṣeré gbẹ́ ẹ," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "O ò bá jẹ́ kí òjò lè pa á rẹ́."

"Orúkọ rẹ wà níbẹ̀, ayọ̀ mi. N kò lè gbẹ́ ọ̀kan jinlẹ̀ kí n fi èkejì ṣeré."

Ọjọ́ ìgbélédúró bọ́ sí ìgbà tí koríko ti tó gé. Gbogbo aládùúgbò wá, wọ́n mú ọ̀pá gígùn dání. Bàbá wa ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù kí àwọn ènìyàn lè ráyè dé ìdí koríko wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọ̀gá Gerd ní kí oòrùn kọ́kọ́ lá ìrì. Òpó méjì àti ìtí igi tó so wọ́n pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà la fi ń tì wọ́n dìde. Òfin kan ló wà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ títí ọ̀gá yóò fi pariwo pé ó dúró.

Harm ní òun onílé ni yóò dúró nídìí òpó, lórí igi ìpìlẹ̀, láti tọ́ ẹsẹ̀ òpó wọ ihò rẹ̀. Ó wọ bàtà onígi tí gbogbo wa ń wọ̀ lọ sóko.

"Bọ́ bàtà yẹn," ni Berend wí fún un. "Ìrì wà lórí igi."

Harm wo àwọn ènìyàn kó tó fèsì. "Ayálégbé ló ń fi ẹsẹ̀ lásán wọlé olóhun. Onílé ń wọ bàtà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Berend gbé ọ̀pá rẹ̀.

Igi náà dìde. Ó dé ìdajì, ó kọjá ìdajì. Nígbà náà ni bàtà Harm yọ̀. Ó ṣubú sẹ́yìn sórí ihò tí òpó ń bọ̀ wá wọ̀, àyà rẹ̀ lókè. Berend ló súnmọ́ ọn jù. Gbogbo wa gbọ́ ọ.

"Berend," ni Harm pè. Kò pariwo. Bí ẹni ń pe ènìyàn wá jẹun ni. "Berend, fà mí."

Berend wò ó. Abẹ́ ìtí igi náà ni Bàbá wa wà, Ọ̀gá Gerd wà níbẹ̀, Brüning àgbà wà níbẹ̀, ọ̀pá Berend sì ni ọ̀pá àárín. Ó dì í mú. Mo rí ọrùn rẹ̀ tó le bí okùn. Òpó náà sọ̀kalẹ̀ lórí Harm, ó dúró.

"Ó dúró," ni Ọ̀gá Gerd pariwo, ó sì bú sẹ́kún.

Wọ́n ní láti tú ìka Berend kúrò lára ọ̀pá náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹnu ayé kò ní ìlẹ̀kùn. Níbi tí àwọn obìnrin ti ń yan búrẹ́dì, mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí.

"Ó di ọ̀pá mú, kò di ènìyàn mú."

"Ìwọ náà, bí ẹni tó gbé ohun tí ojú rẹ wà lára rẹ̀ bá ṣubú, ṣé wàá fà á dìde?"

"Ẹ dákẹ́, Metta ń gbọ́."

"Kó gbọ́. Kó gbé e lọ sílé bí wọ́n bá ní ilé."

Talke kò lọ sọ́dọ̀ Berend títí wọ́n fi sin Harm tán. Lẹ́yìn náà ló ní kí n sin òun lọ. Ó bá a níbi tó jókòó sí lórí igi, ọwọ́ rẹ̀ tí ọ̀pá ti bó wà nínú aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí.

"Ó pè ọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ó pè mí."

"O sì gbọ́."

"Mo gbọ́. Bàbá rẹ wà lábẹ́ igi, Talke. Bí mo bá fi ọ̀pá sílẹ̀, Harm ìbá yè, wọn ìbá sì wú òkú bàbá rẹ jáde."

"Mo mọ ìyẹn. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ ni mò ń bi ọ́."

"N kò mọ̀. Ní gbogbo òwúrọ̀ ni mò ń bi Ọlọ́run, kò tíì sọ fún mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọwọ́ mi di ọ̀pá mú."

Bó bá purọ́ fún un lọ́jọ́ náà, mo rò pé Talke ìbá fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò purọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó tú aṣọ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi itọ́ àti omijé fọ ọgbẹ́ rẹ̀.

Nígbà ìkórè, Brüning àgbà wá sí ahéré àgùntàn. Ilé náà dúró lẹ́yìn rẹ̀ lórí pápá, òpó àti ìtí igi lásán, kò ní ògiri, kò ní òrùlé, oòrùn ń wọ̀ láàárín egungun rẹ̀. Àtẹ́rígbà náà ṣì wà nílẹ̀ nínú koríko.

"Ẹ wá kó igi yín," ni Bàbá wa wí. Kò béèrè. Ó ti mọ̀.

"Mo lè kó o, Lüdeke. Kò sí ẹni tó máa dá mi lẹ́bi." Ó bọ́ fìlà, ó ń yí i lọ́wọ́. "Wọ́n ní ọmọ rẹ fẹ́ràn gbẹ́nàgbẹ́nà yẹn."

Talke ló fèsì fúnra rẹ̀. "Òótọ́ ni, Bàbá."

"Pè é wá."

Nígbà tí Berend dé, arúgbó náà kò wo ojú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò. "Mo wà lábẹ́ igi náà. Mo mọ̀ pé bí o bá fi ọ̀pá sílẹ̀, èmi náà ti lọ. N kò lè dárí jì ọ́. N kò sì lè sọ pé o jẹ̀bi. Ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́ yín, Bàbá."

"Ọmọ mi kò bímọ. Ibojì níbí kì í pẹ́, wọ́n á tún un gbẹ́, wọ́n á sin ẹlòmíràn sí i. Nǹkan kan ṣoṣo ló kù láyé tó ń pe orúkọ rẹ̀." Ó na ọwọ́ sí àtẹ́rígbà náà. "Fẹ́ Talke. Igi mi dúró. Ṣùgbọ́n èyí á gun orí òpó bó ṣe wà. Wá gbé ọwọ́ lé e, kó o búra pé irin rẹ kò ní kàn án títí o ó fi kú."

Bàbá wa yíjú sí Talke. "Mo ti fi ọ́ ra òrùlé lẹ́ẹ̀kan," ni ó wí. "N kò ní ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ìwọ ni kó o sọ."

"Kì í ṣe èmi ló fẹ́ búra, Bàbá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Berend, ilé orúkọ ẹlòmíràn ni. Ṣé ìfẹ́ mi á tó ọ gbé níbẹ̀?"

Berend jáde sínú koríko. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ tí ọgbẹ́ wà lára rẹ̀ lé orúkọ Harm, ó sì búra.

Wọ́n fi ọ̀pá híhun àti amọ̀ di ògiri, wọ́n bo òrùlé, a kó màlúù wa wálé kí yìnyín tó bọ́. Ọjọ́ ìgbéyàwó wọn ni mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ohun náà. Talke gba ẹnu ọ̀nà ńlá wọlé pẹ̀lú òdòdó lórí, a mú un rìn lórí ilẹ̀ ìpakà láàárín màlúù àti ẹṣin tí ń bá wa gbé inú ilé kan náà, títí dé ìdí ààrò, níbi tí ìwọ̀ ìkòkò ìyá ìyá wa rọ̀ sí lórí iná tuntun. Berend ti dúró dè é níbẹ̀. Kò sí ẹni tó rí i tó wọlé. Ó ti gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, ìlẹ̀kùn kékeré tí a ń gbà kó ìgbẹ́ màlúù dànù, tí ọmọ ogún ọdún gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó lè kọjá.

Mo rò pé ọjọ́ kan ni. Ọjọ́ ayé rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, wọ́n fẹ́ràn ara wọn. N kò rí ọkùnrin mìíràn nílẹ̀ wa tó ń gbọn bàtà aya rẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́, kí eku má baà wà nínú rẹ̀. Talke a máa pè é ní Òpó Mi. Òun náà a máa pè é ní Ayọ̀ Mi, àní nígbà tí eyín rẹ̀ ti ká. Ọlọ́run fún wọn ní ọmọbìnrin kan, Ilsabein.

Ṣùgbọ́n orúkọ náà wà lókè. Arìnrìn-àjò, ọmọ ogun, ẹni tó ń ra irun àgùntàn, ẹni tó bá ti mọ̀wé yóò wo òkè, yóò sì ní, "Ẹ kú ilé o, Bàbá Harm." Berend á ní, "Ẹ káàbọ̀." Kò tún un ṣe rí.

Nígbà tí Ilsabein kọ́ lẹ́tà mọ̀, ó dúró sábẹ́ àtẹ́rígbà, ó fi ìka tọ́ka. "Bàbá, ta ni Harm? Ṣé ọkọ Màmá ni?"

"Ẹni tó ni igi ni, ọmọ mi," ni Berend wí, ó sì lọ bọ́ ẹṣin.

Ní ọjọ́ tí a ń kó koríko wọlé, ó fa ẹṣin dé iwájú ẹnu ọ̀nà ńlá, ó fi okùn lé mi lọ́wọ́, ó yí ilé ká lọ gba ẹ̀gbẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ká Talke lára débi pé ó fi àmúga koríko rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ni mo fẹ́, Berend? Dá mi lóhùn lójú Metta. Ta ni mo fẹ́?"

"Èmi lo fẹ́."

"Ọkọ mi kì í ṣe olè. Gba ojú ilé wọlé."

"Ayọ̀ mi, má bínú."

"Mò ń bínú. Ọdún tó lọ mo bínú, èyí tó ń bọ̀ n ó bínú. Ìwọ lo kọ́ ilé yìí. Ẹnu wọn ni ò ń bẹ̀rù àbí Brüning tó ti kú?"

Berend jókòó sórí igi ìpìlẹ̀. Ó nu ojú. "Mo ní irin mi kò ní kàn án, kò sì kàn án. Ìyẹn kò le. Ṣùgbọ́n n kò lè gba abẹ́ rẹ̀, Talke. Bí mo bá ti dé abẹ́ rẹ̀, mo máa ń gbọ́ tí Harm ń pè mí."

Ẹ̀gbọ́n mi kò bi í mọ́ láéláé. Láti ọjọ́ náà ló ti sọ ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ di ti ara rẹ̀. Ó ní kí a máa gba ibòmíràn kó ìgbẹ́ jáde. Ó ń gbá ibẹ̀, ó ń da yanrìn funfun síbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ó gbé àpótí ìjókòó síbẹ̀ tí ó ti ń ṣa ewébẹ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ wọlé lè kọ́kọ́ rí ojú rẹ̀.

Ikọ́ ló pa Berend, nínú òtútù tó mú kí omi dì nínú kànga. Ó di ọwọ́ Talke mú lórí ibùsùn lẹ́bàá iná. Ó ní, "Ọwọ́ mi ti rẹ̀." Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Jù ú sílẹ̀, Òpó Mi. Ó dúró." Lẹ́yìn náà ni Olúwa gbà á.

Bí ọ̀gá ilé bá kú nílẹ̀ wa, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ sọ fún àwọn ẹran, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á tẹ̀ lé e. "Ọ̀gá ti kú," là ń wí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Talke lọ fúnra rẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ màlúù kọ̀ọ̀kan, ó jí i dìde, ó di ìwo rẹ̀ mú, ó wí fún un ní ohùn tó ròkè. "Berend Ahlerding, ọkọ mi, ti kú." Ó dé ọ̀dọ̀ ẹṣin, ó wí bẹ́ẹ̀. Ó jáde nínú yìnyín lọ sídìí ilé oyin, ó kan ìlẹ̀kùn wọn, ó wí bẹ́ẹ̀. Ibi tí kò sí òǹkàwé, ibẹ̀ ló ti kéde orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí àwọn aládùúgbò wá gbé pósí, ó ní kí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ jáde.

"Kí lẹ wí?" ni àgbà wọn bi í. "Ṣé olè ló kú ni? Ọ̀gá oko kì í gba ibi ìgbẹ́ jáde."

Ó ti rẹ̀ ẹ́. Kò lágbára àríyànjiyàn. Wọ́n gbé Berend gba ẹnu ọ̀nà ńlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, lábẹ́ orúkọ Harm. Talke fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

Nígbà tí yìnyín yọ́, ó bá mi níbi tí mo ti ń fún wàrà. Irin ìgbẹ́nà Berend wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Wá bá mi di àkàbà mú."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìbúra ńkọ́?"

"Berend ló búra. Èmi ò búra."

Ó gun òkè, arúgbó tí orúnkún ń dùn ún. Ó gbé irin lé ẹ̀gbẹ́ orúkọ ara rẹ̀ láti gbẹ́ ti Berend síbẹ̀, ó fi òòlù lù ú. Irin náà ta padà bí ẹni tó lu òkúta. Ó tún lù ú, ó tún lù ú. Ohun tó hàn lára igi kò ju ibi tí ológbò fi èékánná ha lọ. Ó sọ̀kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Óákù rẹ̀ ti gbẹ, Metta. Ọkọ mi mọṣẹ́ jù."

Mo jókòó tì í. Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ mi mú. "Ìlérí kan ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, má jẹ́ kí wọ́n gbé mi gba abẹ́ igi yẹn. Orúkọ mi àti ti Harm ti jọ wà níbẹ̀, ó tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọkọ mi gbà wọlé ni kí o jẹ́ kí n gbà jáde."

Mo ṣèlérí. Ọlọ́run mọ̀ pé ó le ju bí mo ṣe rò lọ.

Nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ pé, gbogbo olóko ńlá ẹ̀bá odò wá, nínú aṣọ dúdú, pẹ̀lú fìlà gíga. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà ńlá, mo na apá méjèèjì.

"Ìyá Metta, ẹ kúrò lọ́nà," ni wọ́n ń wí. "Ẹ fẹ́ dójú ti òkú?"

"Ẹni tó bá fẹ́ kọjá níbí, kó kọ́kọ́ gbé mi sínú pósí tẹ̀ lé e."

Ọmọ ọmọ Brüning wà lára àwọn tó ń gbé e. Òun ló kọ́kọ́ yíjú. "Ẹ jẹ́ ká lọ," ni ó wí. "Òkú ló mọ ọ̀nà rẹ̀."

Wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́. Mo ti gbá a. Mo ti da yanrìn funfun síbẹ̀. Ìlẹ̀kùn náà kéré, pósí fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà. Àwọn tó wà níwájú gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, fìlà gíga ń já bọ́ sínú yanrìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọkùnrin tí bàbá wọn kò bọ́ fìlà fún Berend rí, gbogbo wọn tẹríba níbi tí ọmọ ayálégbé ń gbà wọlé sọ́dọ̀ aya rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde tán, mo lọ jí àwọn màlúù, mo wí fún wọn. Lẹ́yìn náà ni èmi náà bẹ̀rẹ̀, mo sì gba ibẹ̀ tẹ̀ lé wọn.